Ìyá Atukọ̀ Kò Kú Nínú Ìtàn Tiwa

Durumi, Abuja
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn

Àkànkẹ́ mi,

Mi ò ní béèrè bóyá ara rẹ le, nítorí mo gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù, mo sì mọ̀ pé kò le. Tèmi náà kò le. Jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

O fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi ní Ọjọ́rú pé o ti rí iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ abánigbófò kan n'Íbàdàn, pé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀ ni wàá wọlé, àti pé o ti sọ fún àwọn tó ń ṣe eré orí tẹlifíṣàn yẹn pé kí wọ́n má retí rẹ mọ́ nínú sáà kejì. O kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé, "Dádì, mo ti rí iṣẹ́ gidi báyìí. Inú yín á dùn." Ọdún mélòó ni mo fi ń gbàdúrà pé kí o rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tó ní tábìlì, tó ní àga, tó ní ọ̀gá tí a mọ orúkọ rẹ̀? Ó ti wá dé, mi ò sì lè ṣe àmín sí i.

Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé wàá máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí mo ń fi Bíbélì kọ́ ọ ní ìwé kíkà. Kà á sókè, yóò tètè yé ọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ, Yorùbá ni mo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, mi ò lè fi èdè mìíràn parí rẹ̀. Mo sì mọ bí o ṣe ń ka lẹ́tà: ìparí lo máa ń kọ́kọ́ wò. Nítorí náà, mi ò fi ohun tó ń bà mí lẹ́rù sí ìparí. Àárín ni mo fi sí. Jọ̀wọ́, kà á débẹ̀, kí o sì kà á kọjá ibẹ̀.

Ṣé o rántí bí ìwé yẹn ṣe wọ ilé wa? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́. Màmá rẹ wà ní ilé ìwòsàn ní Gwagwalada, èmi sì ń wá ohun tí yóò gba ọkàn rẹ lẹ́yìn oúnjẹ ìrọ̀lẹ́. Mo ra ìwé ńlá mẹ́rin lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó tẹ́ ìwé àlòkù sílẹ̀ ní Utako. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n. Ìtàn ilẹ̀ kan ni, níbi tí odò ti ń gba ìrántí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá dá a kọjá, tó sì jẹ́ pé obìnrin kan ṣoṣo ló mọ bí a ṣe ń tu ènìyàn kọjá láìsí ewu. Àwa méjèèjì ń pè é ní Ìyá Atukọ̀. Nígbà náà, kò sẹ́ni tó tíì fi ìtàn náà ṣe géèmù, áńbọ̀sìbọ́sí eré orí tẹlifíṣàn.

Mi ò ka Gẹ̀ẹ́sì náà sí ọ létí. O ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn gbogbo ohun tí a bá fi Yorùbá bi ọ́, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ọmọ tí wọ́n ń tọ́ ní Abuja. Mo ní ṣé kí èdè bàbá rẹ ṣègbé lójú mi ni? Ni mo bá ń fi ojú ka Gẹ̀ẹ́sì, tí mo ń fi ẹnu sọ Yorùbá, láìdúró. Kò sẹ́ni tó ń yẹ iṣẹ́ ògbufọ̀ wò nígbà tó bá dá jókòó ti ọmọ kékeré. Mo fẹ́ kí o rántí gbólóhùn yẹn.

Mo ti di arúgbó báyìí, mo lẹ́tọ̀ọ́ láti to ìmọ̀ràn ní nọ́ńbà. Jẹ́ kí n gbìyànjú.

Èkíní. Má tètè fi hàn pé o mọ̀.

Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, a ní ọmọ kíláàsì kan tó ń jẹ́ Gbádébọ̀. Ó mú ìwé ìtàn tí gbogbo wa jọ ń kà fún ìdánwò, ó sọ ọ́ di eré, àwọn ẹgbẹ́ wa sì ṣe é ní gbọ̀ngán lọ́jọ́ ìparí ọdún. Eré náà dùn. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an pé ó dùn. Bóyá ìyẹn ló bí mi nínú. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, olùkọ́ wa béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ohun láti sọ, mo sì dìde pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́. Mo ka gbogbo ibi tó ti yà kúrò nínú ìwé, ojú ìwé kan tẹ̀lé òmíràn. Mo ní ọkùnrin tó kú ní orí kẹta, báwo ló ṣe ń jó ní ìparí? Gbogbo gbọ̀ngán bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ọ̀jọ̀gbọ́n láti ọjọ́ náà. Gbádébọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ó ń ká ìwé eré rẹ̀ bí ẹni ń ká ẹní.

Lẹ́yìn ogún ọdún ó lé, mo pàdé rẹ̀ ní gáréèjì Utako, ó ń dúró de ọkọ̀ Lọ́kọ́ja. Inú rẹ̀ dùn láti rí mi. Mo bi í bóyá ó ṣì ń kọ eré.

"Rárá o, Ọ̀jọ̀gbọ́n," ló wí. "Ìwọ lo jẹ́ kí n tètè mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ mi. O ṣeun jàre."

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó wọkọ̀. Títí di òní mi ò mọ̀ bóyá ó dúpẹ́ ni tàbí ó ṣépè. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí mi nígbà mélòó kan, mo sì ń yí ìdáhùn padà.

Èkejì. Dúró ka orúkọ.

Èmi ni mo kọ́ ọ pé bí o bá ṣí ìwé, kí o kọ́kọ́ ka ojú ìwé tí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó tẹ̀ ẹ́ wà, torí pé ènìyàn ló ṣe é, kò já bọ́ láti ọ̀run. Wo ohun tí èmi tí mo kọ́ ọ ṣe.

O mọ Alhaji Ráímì tó ń ta kọ́tìnnì ní ọjà Utako, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti gba tẹlifíṣàn ilé mọ́ ọn lọ́wọ́, nítorí náà lọ́jọ́ Ẹtì ó máa ń wá bá mi wo eré náà. Ìwọ ti sọ fún mi pé o ń bá àwọn tó ń ṣe é ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n o ní ìwé lo ń tẹ̀ fún wọn, nítorí pé o ti fọwọ́ sí i pé o kò ní sọ apá tí o kọ títí yóò fi jáde. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Èmi àti Alhaji ń wò ó, èmi ń tún ìtàn ṣe fún un láti orí àga mi: èyí wà nínú ìwé, èyí kò sí nínú ìwé. Ó ń fara dà á.

Lọ́jọ́ Ẹtì tí mò ń sọ yìí, odò gbé Ìyá Atukọ̀. Alhaji ní "Kai" ní ohùn jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà obìnrin náà jáde ní òdìkejì odò, bàtà ẹyọ kan lẹ́sẹ̀, omi ń ro lára rẹ̀. Ó wo àwọn ọmọ méjì tó ń sunkún létí omi, ó sì bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun. Alhaji ṣí fìlà, ó fi bo ojú. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní irọ́ ni, nínú ìwé ó kú, ìlà mẹ́ta péré ni wọ́n fi sọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò sì wá a lọ.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí látinú fìlà, "ìwé wo? Ṣé ìwé ló wà níwájú wa yìí ni? Ẹ jẹ́ kí obìnrin fún àwọn ọmọ lóúnjẹ."

Inú bí mi. Mo mú rìmóòtù, mo pa tẹlifíṣàn kí orúkọ àwọn tó ṣe é tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá.

Ibi tí mò ń sọ nìyí, Àkànkẹ́. Bí o bá wà ní ìdúró, jókòó.

Lẹ́yìn tí Alhaji lọ, mo wọ ibi tí àwọn òǹwòran ti ń sọ̀rọ̀ nípa eré náà lórí ayélujára. Onísùúrù ni orúkọ tí mò ń jẹ́ níbẹ̀. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì tó gún régé kọ ọ́ pé ẹni tó kọ apá yìí kò tíì sin ẹnikẹ́ni rí. Pé bó bá ti sin ènìyàn rí, yóò mọ̀ pé òkú kì í jáde látinú omi wá béèrè bóyá a ti jẹun.

Èmi ni. Èmi bàbá rẹ ni mo kọ ọ́.

Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, àwọn ènìyàn ti ń dà á kọ káàkiri. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Ó rí bíi gbọ̀ngán ọjọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun o pè mí. Ìgbà náà ni mo tó gbọ́ pé ìwọ lo kọ apá náà. O ń ka ohun tí àwọn òǹwòran ń sọ sí mi létí. Àwọn tó ń fi géèmù rẹ̀ ṣeré ń béèrè pé bí Ìyá Atukọ̀ kò bá kú, báwo ni ọ̀pá ìtukọ̀ rẹ̀ yóò ṣe dé ọwọ́ akọni. Àwọn tó ka ìwé ń pè ọ́ ní ọ̀dàlẹ̀. Àwọn mìíràn ti sọ "Ṣé ẹ ti jẹun?" di ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n fi ń kí ara wọn. O ka gbogbo ìyẹn bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì. O wá ní ó ku ẹyọ kan, o sì ka tèmi. Ohùn rẹ já ní agbedeméjì.

"Dádì," lo wí, "ẹni yìí mọ ìwé kọ o. Mi ò lè bá a jiyàn."

Kí ni mo fi dá ọ lóhùn? Mo ní kí o má wo ẹnu wọn, pé aláìníṣẹ́ ni wọ́n. Mo tún ní ẹnu láti bi ọ́ pé kí ló dé tí o yí ìwé padà.

"Mo mọ̀ pé kò sí nínú ìwé," lo wí. "Mo wá a títí nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mi ò rí i. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe sọ ọ́ fún mi. Mo rò pé tí ẹ bá rí i, ẹ máa rántí."

Mi ò rántí.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo gbé páálí àwọn ìwé ìrántí mi sọ̀ kalẹ̀ láti orí wọ́dúróòbù, mo sì wá ọdún náà títí mo fi rí ojú ìwé kan. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ nìyí: "Mo pa irọ́ fún Àkànkẹ́ lónìí. Ìyá Atukọ̀ kú ní ojú ìwé tó kàn, ẹnu mi kọ̀ láti sọ ọ́. Mo ní ó jáde ní òdìkejì, bàtà ẹyọ kan lẹ́sẹ̀, ó sì bi àwọn ọmọ bóyá wọ́n ti jẹun. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n tún un sọ."

Màmá rẹ ló máa ń bi wá bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà kó tó bọ́ bàtà. Bàtà ẹyọ kan náà, tirẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tí a sáré gbé e lọ sí Gwagwalada, ẹyọ kan bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí màmá rẹ fi wà lórí ibùsùn, nínú àwa méjèèjì kò sí ẹni tó lè gbé e kúrò.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bá. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, mo sì ń rò pé òwe lásán ni, torí pé ọjà tóbi. Wọ́n tún ní ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Èyí ni mi ò gbà mọ́. Tèmi gbẹ́ ẹ.

Mo ti sọ nọ́ńbà nù. Ẹ̀kẹta ni ó yẹ kó kàn.

Má kórìíra àwọn òǹwòran yẹn. Mo ti padà lọ ka ọ̀rọ̀ wọn, kì í ṣe láti jà. Ọkùnrin kan níbẹ̀ sọ pé ọdún tí ẹ̀gbọ́n òun kú ni òun bẹ̀rẹ̀ géèmù náà. Ó ní ìgbàkígbà tí òun bá gba ọ̀pá ìtukọ̀ lọ́wọ́ òkú obìnrin yẹn, ó máa ń dà bíi pé ẹnì kan ló fún òun ní iṣẹ́ ṣe. Ó ní eré yín ti gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ òun. Kí ni mo lè sọ fún un? Ṣé kí n ní ó ṣìnà? Òun nílò kí obìnrin náà kú, ìwọ nílò kó yè. Ọ̀nà wo ni eré kan ṣoṣo yóò gbà ṣe méjèèjì? Mo ti ronú lórí rẹ̀ títí, mi ò rí ọ̀nà kankan. Ó ń bínú nítorí ohun tó fẹ́ràn. Èmi náà rò pé nítorí ìwé tí mo fẹ́ràn ni mo ṣe ń bínú. Mi ò mọ ibi tí ìfẹ́ ti ń di ìkà. Bí o bá mọ̀ ọ́n, kọ́ mi.

Wàá bi mí pé kí ni mo ti ṣe sí i. Mo pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti dà á kọ, kò ní orúkọ mi lára mọ́, kò sì nílò mi mọ́. Mo tún kọ òmíràn. Mo ní èmi Onísùúrù ṣìṣe, pé ẹni tó kọ apá náà ti sin ènìyàn, pé ó kéré gan-an nígbà tó sin ín. Ẹnì kan dáhùn pé wọ́n ti fi owó rà mí. Òmíràn ní, "Bàbá, ẹ lọ jẹun." Kò sí ìdáhùn kẹta. Ẹyin lohùn, àbí? Mo ti fi òwe yẹn kọ́ ọ ní àkọ́yé. Ohun tí wọn kò fi kún un ni pé ẹni tó jẹ́ kó bọ́ náà ni yóò dúró máa wò ó nílẹ̀.

Lórí iṣẹ́ Ìbàdàn yìí, mi ò lè sọ pé má lọ. Ẹnu wo ni mo ní? Ọdún márùndínlógójì ni mo fi jókòó ní ilé iṣẹ́ ìjọba, mo kọ ìwé ìdábàá, mo kọ ìròyìn ìpàdé, kò sẹ́ni tó sunkún lórí ọ̀kankan nínú wọn, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ tó fara balẹ̀ ni. Wàá sùn dáadáa.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mi ò sọ fún ọ rí. Èmi náà fẹ́ kọ ìtàn nígbà kan. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Gbádébọ̀, ẹ̀rù ń bà mí pé ẹnì kan yóò dìde ní gbọ̀ngán pẹ̀lú ìwé mi lọ́wọ́, kó ṣe mí bí mo ti ṣe é. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìwé ìrántí ni mò ń kọ, tí mò ń kó o sínú páálí. Ní gbogbo ayé mi, ìtàn kan ṣoṣo ni mo dá, ìlà bíi mẹ́ta, mo fi tan ọmọ ọdún mẹ́sàn-án jẹ, mo sì gbàgbé rẹ̀. Ìwọ ló pa á mọ́. O gbé e dé ibi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Nígbà tó jáde látinú omi, òkò ni mo fi pàdé rẹ̀.

Nítorí náà, má lọ sí Ìbàdàn pẹ̀lú ohun tí Onísùúrù sọ lọ́kàn. Bí o bá fẹ́ lọ nítorí pé ó ti sú ọ, lọ. Bí o bá lọ nítorí gbólóhùn yẹn, a jẹ́ pé èmi ni mo kọ́ ọ ní ìtàn, èmi náà ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ. Mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí lẹ́tà yìí má yí ohunkóhun padà. Gbádébọ̀ wọkọ̀, ó lọ.

Ojú ìwé kan ṣì kù nínú ìwé ìrántí ọdún náà. Ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn irọ́ yẹn ni. Mo dé láti Gwagwalada lọ́sàn-án, màmá rẹ ti lọ, mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Ìwọ lo ṣílẹ̀kùn. O wo ojú mi. Ìwọ tí o ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn ohun gbogbo, Yorùbá lo fi bi mí: "Dádì, ṣé ẹ ti jẹun?" Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ kọjá lọ sí yàrá. Ohun tí mo kọ sójú ìwé náà ni pé ọmọ bi mí ní ìbéèrè, mi ò dá a lóhùn. Mi ò kọ ohun mìíràn sí i.

Bí o bá ka èyí tán tí o kò pè mí, mi ò ní béèrè ìdí. Ṣùgbọ́n ìdáhùn yẹn ti pẹ́ lọ́rùn mi ju bó ṣe yẹ lọ, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ ibojì.

Rárá, Àkànkẹ́. Mi ò tíì jẹun.

Bàbá rẹ,
tí kò dúró ka orúkọ.